Ta Ni Yóò Tọwọ́ Bọ Ìwé Òkú Wọ̀n-ọ́n-Wò?

Èmi akọ̀wé iwájú kóòtù ni mo kọ èyí. Bàbá àgbẹ̀ kan tí kò kàwé ló ń sọ ọ́ fún oníwèé ìròyìn. Ó ní kí n má bù mọ́ ọn, kí n má sì bù kúrò níbẹ̀.

Adájọ́ wa, tí a ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-Wò, kú lọ́jọ́ Ajé lórí àga ìdájọ́, bírò lọ́wọ́. Ọjọ́ kejìlá rèé tó wà nílé ìgbókùúsí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, àfi kí ibi iṣẹ́ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé kí àwọn tó yọ̀ǹda òkú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kóòtù. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni fáìlì rẹ̀ wà, nítorí ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ó ti di adájọ́. Ẹ̀yin ará kóòtù, ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi dájọ́ fún yín, ẹ ò mọ̀ pé tiyín ni? Nígbà tó kọ̀wé pé òun nìkan ń ṣiṣẹ́ adájọ́ mẹ́ta, pé àyà ń dun òun, èsì wo lẹ fún un?

Nígbà tó jẹ́ ọlọ́pàá, ó mú mi rí. Mo lu aládùúgbò oko mi nítorí ààlà. Mo jẹ̀bi. Kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lójú bàbá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ máa rìn lọ.” A rìn dé àgọ́ bí ẹni ń lọ kí àna.

Nígbà tí ààlà yẹn dé kóòtù, òun la bá lórí àga.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú yín rí lórí ilẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ adájọ́ mìíràn, ẹ sọ.”

Mo ní kó dá a, kó má baà rò pé mo bẹ̀rù òun.

Kì í dájọ́ ilẹ̀ tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó gbé okùn tó fi ń wọn ibi ìjàǹbá ọkọ̀ nígbà iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó wọ oko nínú oòrùn. Ó gba ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ́wọ́ mi fún aládùúgbò mi. Ọdún kan gbáko ni mi ò fi kí i. Nígbà tó yá, mo yọ́ lọ wọ̀n ọ́n. Méjì géérégé ni.

Ẹni tó wọnlẹ̀ fún gbogbo wa ni kò rílẹ̀ sùn sí yìí?

Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó ń lé opó yẹn lọ lé e bọ̀. Mo fẹ́ ìbuwọ́lù. Láti ọ̀la, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín ni mo máa jókòó sí. Ẹ mọ̀ pé mo lágídí. Ó wà nínú ìwé ìdájọ́ yín.

Ìtẹ̀ka bàbá náà rèé.
Ẹlẹ́rìí: opó adájọ́.
Ẹlẹ́rìí kejì: aládùúgbò oko, ẹni tó ni ẹsẹ̀ bàtà méjì náà.