Iyùn Tí Orrin Fi Sílẹ̀

Yàrá òkè nílé Marlys Haugen, ní ìlú olótùútù kan tó ń jẹ́ Duluth, ni mò ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dáná fún àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tí Orrin ọkọ rẹ̀ kú, ó fi àpótí dígí ńlá kan sílẹ̀ fún un ní yàrá abẹ́ ilé. Omi iyọ̀ ló kún inú ẹ̀, iyùn ààyè kan, ẹ̀dá inú òkun tó ní ẹ̀mí, sì wà níbẹ̀, aláwọ̀ àlùkò, tó fẹ̀ tó abọ́ ọbẹ̀. Ìgbà tí kò ju èékánná lọ ni Orrin ti ń tọ́ ọ.

Inú omi ni iyùn ti ń fa kálísíọ̀mù tó fi ń kọ́ egungun ara ẹ̀. Bí èyí bá dínkù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Marlys á bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, á fi oògùn kan sọ ọ́ di pupa, á wá máa kán òmíràn sí i títí á fi di búlúù. Iye ẹ̀kán ló ń sọ bí kálísíọ̀mù ṣe pọ̀ tó. Á wá da kálísíọ̀mù sí i láàárọ̀, omi ṣódà tí iyùn tún fi ń kọ́ egungun nírọ̀lẹ́. Orrin ti kìlọ̀ fún un: àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé lójú kan, torí wọ́n á di ẹfun, ìyẹn sì lè pa iyùn.

Delmar, àbúrò Orrin, ló fẹ́ gba iyùn yìí lọ́wọ́ ẹ̀. Àárọ̀ Sọ́ńdè kan ló wọlé bá èmi àti Marlys nídìí àpótí náà.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

"Bọ́ bàtà ẹ. Yìnyín wà nídìí ẹ̀."

"Kálísíọ̀mù ẹ̀ tó mélòó lónìí?"

"360."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kó wálẹ̀ ju 420 lọ. Ọ̀dùnkún ọmọ iléèwé nìkan lẹ mọ̀ ọ́n sè."

"Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, ṣé ìwọ ló fi í sílẹ̀ fún?"

"Ẹni tó ń kú lọ ń ṣàṣìṣe."

Ojú Marlys yí padà. Ó gbé ìgò kálísíọ̀mù, ó dà á.

"Ṣódà ńkọ́?" Delmar ní. "Ìyẹn náà ti wálẹ̀. Àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

Marlys mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni ti ṣódà. Inú ń bí i, ó gbé e, ó sì dà á sí igun kan náà. Omi funfun bíi wàrà. A ò rí iyùn mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ dà á," Delmar ní.

"Ìwọ lo ní kí n dà á."

"Ṣé mo di ọwọ́ yín mú ni?"

Marlys ń fa omi náà jáde, ó ń da omi iyọ̀ tuntun tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Èmi ń gbé garawa. Delmar ń wọ kóòtù ẹ̀. "Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ohun tó bá kù, mo máa gbé e lọ."

Nígbà tí Sátidé fi máa dé, ìdajì iyùn ti di egungun funfun. Delmar gbé kúlà dání.

"Ẹ ti pa ìdajì. Ẹ jẹ́ kí n gba ìdajì tó kù là."

Marlys rọra gbé kọfí ẹ̀ kalẹ̀. Àṣà àwọn tó ń sin iyùn ni pé bó bá dàgbà, wàá ṣẹ́ díẹ̀ lára ẹ̀ fún ẹni tó o fọkàn tán, kí tiẹ̀ lè padà wá gbà ọ́ lọ́jọ́ tí tìẹ bá kú. Delmar ni Orrin kọ́kọ́ ṣẹ́ tiẹ̀ fún. Ojoojúmọ́ ni Delmar ń fọ́nnu pé tòun ti tó búrẹ́dì odindi.

"Lọ gbé tìẹ wá," Marlys ní. "Torí irú ọjọ́ yìí ni Orrin ṣe fún ẹ. Màá ṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, màá fi lẹ ibi tó kú."

"Tèmi ò ṣeé gbé nínú òtútù yìí."

"Kúlà tó o fẹ́ fi gbé tèmi ńkọ́? Ṣé òtútù ò mọ̀ ọ́n ni?"

Delmar ń wo ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀.

"Tèmi ti kú," ó ní.

"Nígbà wo?"

"Kí Orrin tó kú."

"Orrin mọ̀?"

Ó mi orí pé rárá.

Ìdajì tó wà nínú dígí yẹn nìkan ló kù lára iyùn Orrin. Marlys ti ọwọ́ bọ omi, ó fi ẹ̀mú ṣẹ́ apá funfun náà, ó wé e sínú bébà, ó sì gbé e sínú kúlà.

"Èyí tá a jọ pa nìyí. Gbé e lọ, kò ní bèèrè kálísíọ̀mù lọ́wọ́ ẹ."

"Marlys..." Kò pè é ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

"Wọ bàtà ẹ."

Nígbà tí mọ́tò ẹ̀ lọ tán, Marlys kán oògùn, ó kà á: 390. Ó da kálísíọ̀mù sí i. Ó wá gbé ìgò ṣódà lé mi lọ́wọ́.

"Máa gbé e lọ sókè, kọ́wọ́ mi má bàa tó o," ó ní. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kó o gbé e wá fún mi."