Ife Kẹta

Bí mo bá ti gbọ́ ìró tíì tí wọ́n ń dà láti òkè sínú ife, lánlọ́ọ̀dù wa ní Dippa Kunda ni mo máa ń rántí. Baba Àkú ni, ọmọ ìran Yorùbá tó ti pẹ́ nílẹ̀ ibẹ̀, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Nírọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sẹ́nu géètì, a ó gbé tíì àtáyà ka iná èédú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń se ewé tíì kan náà. Ti àkọ́kọ́ máa ń korò, wọ́n á máa fi ṣúgà kún un títí ìkẹta á fi dùn bí oyin.

Látìgbà tí wọ́n ti gé ọ̀kan nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ baba nítorí àtọ̀gbẹ, ti àkọ́kọ́ nìkan ló ń mu. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí òórùn búrẹ́dì gbígbóná má baà fà á. Síbẹ̀, kì í dìde kí ìkẹta tó jinná. Á gba ife tirẹ̀, á gbé e sábẹ́ imú, á wá nà án sí mi.

"Bá mi mu ún," á wí lédè Àkú, á tẹjú mọ́ ẹnu mi. "Ṣé ó dùn?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, Bàbá."

"Irọ́ lò ń pa." Kò ní rẹ́rìn-ín.

Ó ti kú báyìí. Dókítà sì ti sọ fún èmi náà pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Lánàá, wọ́n gbé ife kẹta fún mi, mo gbé e sábẹ́ imú. Ọmọ mi ló jókòó tì mí. Ọkàn mi kò gbà pé kí n nà án sí i.