Tẹlifíṣọ̀n Sẹ̀kínátù

Ní Máfólúkù, bí èèyàn bá béèrè ilé Àyànníyì tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á kọ́kọ́ wo onítọ̀hún bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè tẹlifíṣọ̀n Sẹ̀kínátù, ọmọ ọdún mẹ́ta á mú un débẹ̀. Sẹ̀kínátù ni ìyàwó Àyànníyì. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún kì í sì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Tábìlì gígùn kan ni, onígíláàsì lórí, tí bọ́ọ̀lù irin kékeré ń sá kiri nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta á á máa tẹ bọ́tìnnì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí apá kékeré méjì tó wà nísàlẹ̀ lè máa gbá bọ́ọ̀lù náà padà sókè kó má bàa jábọ́. Pínbọ́ọ̀lù ni àwọn òyìnbó ń pè é. Lára gíláàsì ńlá tó nàró níwájú, wọ́n ya pálọ̀ kan síbẹ̀: bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, obìnrin tó ń ka ìròyìn sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá gbá ibi tó yẹ, iná á tàn sójú obìnrin náà, aago á dún, nọ́ńbà á sì máa yí lókè.

Lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni Sẹ̀kínátù ti rà á, lọ́dún tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ jáde, tí gbogbo ayé ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé. Mínírà ló ń tà lójúde. Ó ní tẹlifíṣọ̀n tàwọn nìyẹn, pé ẹni tó bá ta á, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á sì ra mínírà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń ta á jù. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, tí oníbàárà ò sí, ẹ óò máa gbọ́ aago. Obìnrin ẹni ogójì ọdún ti ká ọwọ́ bùbá sókè, ó ń bá bọ́ọ̀lù irin wí.

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan ló ta á kẹ́yìn. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó yọ wáyà iná, ó wọlé lọ sùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú sí ọsibítù. Wọn ò bímọ.

Àyànníyì kò sunkún. Ẹ má tíì pè é ní aláìláàánú o. Ńṣe ni gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé àpótí, ó ń jẹun láìmọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run á tù ú nínú, ó ní àmín. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà ogójì ọjọ́, àwọn èèyàn ní ó ṣe ọkùnrin. Kò ṣe ọkùnrin kankan. Kò kàn mọ nǹkan kan lára ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ṣe. Irú ẹ̀rọ yẹn, bí wọ́n bá pa iná rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹni tó ta á kẹ́yìn jẹ kì í parẹ́. Ara róólà kéékèèké ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ibi tí róólà bá sì dúró sí ló máa wà títí ẹlòmíì á fi tẹ bọ́tìnnì láti bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ tó yí padà sí òdo. 68420 ni Sẹ̀kínátù jẹ. Bí Àyànníyì bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró níwájú ẹ̀rọ, á wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, á wá wọlé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kan.

Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, Ìyá Táòfíkì, ẹ̀gbọ́n Sẹ̀kínátù, wá láti Àílégùn. Àṣà tiwọn ni pé ohun tí obìnrin tí kò bímọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ rà, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ni ín. Àyànníyì fúnra rẹ̀ ti di aṣọ àti ìkòkò fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló kù. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ni ìyá náà mú wá, ará Èkìtì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní Ìsọlọ́. Ọkùnrin yìí lọ kàwé nílùú òyìnbó, ó sì kó àìsàn kíkó pínbọ́ọ̀lù jọ bọ̀. Mọ́kànlá ló wà nílé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ fi ń rìn kó tó dé kíṣìnnì.

Àyànníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá náà.

"Dìde," ló wí. "Ẹni tí mo sọ fún ẹ nìyí. Ó fẹ́ wo nǹkan yẹn. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí, mà."

Ibi tó ti ṣàṣìṣe nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Sẹ̀kínátù, kò sọ "rárá" fún Ìyá Táòfíkì rí, nítorí àna ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn gíláàsì. "Ẹ wo ojú obìnrin yìí, ọ̀dà rẹ̀ ò ṣí rárá, ẹnikẹ́ni ò sì tún un kùn. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Mà, oríṣi èèyàn méjì ló ń wá irú èyí: àwa tá a ń kó pínbọ́ọ̀lù jọ, àtàwọn tí kò fẹ́ràn pínbọ́ọ̀lù, àmọ́ tí wọ́n ń kó gbogbo ohun tó bá ti ní tẹlifíṣọ̀n lára. A máa ń já a gbà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá a. Please, ẹ má tà á fún ẹlòmíì."

Ó mú wáyà iná dání, ó yíjú sí Àyànníyì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tàn án?"

Àyànníyì wo àna rẹ̀. Ìyá náà mi orí pé kó tàn án.

"Ẹ tàn án, sà."

Iná tàn. Nọ́ńbà náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí tẹ bọ́tìnnì. Àwọn róólà yí, wọ́n dún kra-kra-kra, wọ́n sì dúró sórí òdo márùn-ún.

Ó ta bọ́ọ̀lù, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí aago ṣe dún, Ìyá Táòfíkì gbọ́wọ́ lé àyà. "Aago yìí ni mo máa ń gbọ́ láti òpópónà tí mo bá ń bọ̀ wá kí i. Mélòó ni àbúrò mi máa ń jẹ?"

"Èyí tó jẹ kẹ́yìn wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí, mà. 68420. Ọjọ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ."

"Níbẹ̀ níbo?"

"Lókè yẹn. Ó ti lọ."

Ìyá náà wo òkè ẹ̀rọ náà, ó wá yé e. "O ń rí i lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà."

"O sì dákẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Mi ò lè bá yín jiyàn."

"Ta ló ní kó o jiyàn?" Kò pariwo rárá. "Èmi ni mo pọn ọ́n dàgbà, Àyànníyì. Kí n tó dé ọsibítù, wọ́n ti faṣọ bò ó lójú. Ǹ bá kàn wo nọ́ńbà yẹn ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, bọ́ọ̀lù sì jábọ́. Ìyá Táòfíkì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó bo ojú. Àyànníyì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì í gan-an. Fún oṣù márùn-ún ló ti ń wo nọ́ńbà yẹn bí ẹni pé òun nìkan ló pàdánù Sẹ̀kínátù. Ó lọ jókòó ti àna rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.