Iye Ṣíà Bàbá Mi

Ẹlẹ́pà kan fi ìwé ìròyìn àtijọ́ di ẹ̀pà fún mi ní Ìyànà-Ìbà, òórùn tádàá rẹ̀ sì gbé mi padà sí pálọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò síná. Bàbá mi tẹ́ ìwé ìròyìn kalẹ̀, wọ́n ní kí n máa ka iye ṣíà báńkì tí àwọn rà, láti èyí tó pẹ́ jù títí dé tòní.

"Dádì, ó tún ti já wálẹ̀."

"O ò mọ̀ ọ́n kà! Tún un kà."

Màmá mi ní, "Ẹ tà á, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá mi jágbe mọ́ wọn: "Ó ti já báyìí rí, ó sì gòkè padà!"

Mo bú sẹ́kún, torí mo rò pé ẹnu mi ló ń fà á wálẹ̀. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé ló wà níbẹ̀.

Bàbá mi já ìwé náà gbà, wọ́n kà á sókè. Iye kan náà ló jáde lẹ́nu wọn.