Ẹ̀rí Jemimah

Ní yàrá ìwádìí tí Jemimah ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábùjá, omi ìsápá tí a fi ń se zobo dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú abọ́. Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kubwa: "Ìsápá ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀!" Kò sọ pé inú abọ́ ni, pé kì í ṣe nínú ara ènìyàn. Àmín ìjọ ti dùn mọ́ ọn jù.

Màmá Bánjọ, ọmọ ìjọ wọn, bá pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì, ó gbájú mọ́ zobo. Rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í wá síwájú ìjọ. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ó ní, "Zobo Jemimah ni kò jẹ́ kí n kú."

Gbogbo ìjọ yíjú sí Jemimah. Ó dìde láti sọ òótọ́.

Ó ní, "Halelúyà."