Imí Ẹṣin Lórí Odi

Ní Rotfeld létí odò Rhine, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń mọ abala odi ìlú tirẹ̀. Òfin ìgbìmọ̀ ò gba àwáwí: ẹni tí abala tirẹ̀ bá wó, ilé rẹ̀ ni wọn yóò tú, òkúta ibẹ̀ ni wọn yóò sì fi tún odi mọ.

Ìdí nìyí tí Richmut ò fi rí oorun sùn lọ́dún náà. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó ẹrù fi ẹṣin méjì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jutta, àti ilé olókùúta sílẹ̀ fún un. Kò mọ odi í mọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó létí. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀lé pé bí òtútù bá mú ẹfun tí wọ́n fi ń lẹ òkúta pọ̀ kó tó gbẹ, ṣe ló máa ń rún. Nígbà tí àjọ̀dún Màrtínì mímọ́ dé, tí òtútù ń wọlé bọ̀, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó sì fi koríko gbígbẹ àti imí ẹṣin bo odi rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Wigand aládùúgbò rẹ̀ ò dúró ní tiẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá súre fún odi, Wigand sì fẹ́ kí tòun ga jù. Ọ̀mọ̀lé ni o! Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn.

“Ìyá Jutta, odi lẹ mọ ni àbí ààtàn?”

“Odi ni, Ọ̀gá Wigand. Òtútù ló ń mú un, ló fi daṣọ bora.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o kúrò. Ṣé ẹ fẹ́ kí Bíṣọ́ọ̀bù máa dímú kiri ni?”

“Kó dímú. Ṣé imú ẹ̀ ni wọ́n máa tú tí odi yìí bá wó?”

Bíṣọ́ọ̀bù dímú lóòótọ́. Ó sáré kọjá níwájú abala Richmut, ó wọ́n omi mímọ́ sára ti Wigand, omi náà sì dì sára òkúta lójú gbogbo wa. A pàtẹ́wọ́. Ojú ti Richmut, ó sunkún délé.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lóṣù kẹta, abala Wigand ya lulẹ̀. Ti Richmut ò mì. Ọjọ́ méjì ni ìgbìmọ̀ fi tú ilé Wigand, ẹṣin Richmut ló sì kó òkúta rẹ̀ lọ sí odi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì náà, Wigand àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Richmut pẹ̀lú ẹní wọn.

“Ìyá Jutta, ẹ má bínú.”

“Inú ilé ti kún, Ọ̀gá Wigand. Ilé ẹṣin ló kù. Ó máa ń móoru níbẹ̀.”

Wigand wọlé ẹṣin lọ. Kò dímú.