Omi Tó Ń Dàrú Nílé Wa ní Agbowó

Nígbà tí mò ń kàwé gba dìgírì kejì, yàrá kan ni mo gbà sí Agbowó. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè lọ́dún náà ni tọ́búlẹ́ǹsì, ìyẹn bí omi tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ ṣe ń ṣàdédé dàrú.

Olùkọ́ wa fún wa ní ìbéèrè kan: báwo ni ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kó tó lè ti omi gba inú páìpù dé òkè ilé alájà méjì? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Agbára tí mo rí lè ti omi láti Agbowó dé Sàhárà. Olùkọ́ fi bírò pupa kọ ọ́ sára ìwé mi pé, "Ṣé odò Ògùnpa lo fẹ́ gbé gun òkè ni?"

Tìtìjú-tìtìjú ni mo fi délé. Mo ní ó dáa, n ó fojú ara mi wo omi yìí. Mo dúró ti ẹ̀rọ omi inú ọgbà, mo ṣí i díẹ̀: omi ń bọ̀ tínrín, ó ń dán bíi díńgí. Mo ṣí i sí i: ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó funfun, ó sì fọ́n ká. Mo tì í, mo tún ṣí i. N kò mọ̀ pé mo ti da omi táńkì gbogbo ilé nù.

Télọ̀ kan, ẹgbẹ́ mi, tó ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi, ló kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú ọṣẹ lórí àti aṣọ ìnura nídìí.

"Ta ló gbé omi lọ?"

Ìyá onílé pẹ̀lú jáde, nínú sùtánà funfun tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọmọ mi, kí lo ń wò nínú omi látàárọ̀?"

"Ibi tó ti ń yí padà ni mò ń wò, mà."

"Ó ń yí padà? Kí ló ń yí sí?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Àdúrà sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ọṣẹ ti wọ télọ̀ lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kó pọnmi fún mi ná!"

Mo fa omi kànga fún un. Nígbà tó ṣan orí tán, ó bi mí ní ohun tó lé mi dé ìdí omi. Mo yọ ìwé náà lápò, mo fi hàn án. Ó nu ojú, ó wo ìbéèrè, ó wo iṣẹ́ tí mo ṣe.

"Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni wọ́n kọ síbí pé páìpù fẹ̀. Mílímítà ni ìwọ kọ. Páìpù tó tó okùn bàtà, ta ni yóò rómi mu nínú ẹ̀? Bí mo bá gé ṣòkòtò báyìí, oníṣòkòtò á pa mí."

Etí kànga níbẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo tún un ṣe. Ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn lè fọwọ́ kan gbé ló tó iṣẹ́ náà.

Mo yege. Ìyá onílé dúpẹ́ níwájú ìjọ pé àdúrà àwọn gba ọmọ kan lọ́wọ́ ẹ̀mí omi. Télọ̀ ní tiẹ̀ ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ń kọ́ àwọn ará yunifásítì níwèé. N kò já ẹnì kankan nínú wọn nírọ́.